Orúkọ Tí Mo Fún Àwọn Ará Ilé Ọkọ Mi ní Ìdí-Orógbó

Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí ẹ bá ń gba ọ̀nà Ọrẹ̀gùn kọjá, tí ẹ ń wo ilé iṣẹ́ ńláńlá tó tò lọ rẹrẹ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ọgbà onírin àti ọlọ́dẹ tó jókòó sẹ́nu géètì, ẹ mọ̀ pé ilé ọkọ mi wà níbẹ̀. Kì í ṣe ìtòsí ibẹ̀ ni mo ń wí o. Ibẹ̀ gan-an ni. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ lé ibi tí ààrò mi wà.

Ìdí-Orógbó ni orúkọ abúlé náà. Ẹ má wulẹ̀ wá a nínú fóònù yín. Ọmọ-ọmọ mi Jẹ́líílì, èyí tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village, ti bá mi wá a títí. Ó ní, "Màmá, kò sí níbì kankan." Mo ní kò burú, mo mọ ibi tó wà.

Bí ènìyàn bá sọ̀ kalẹ̀ nínú réluwé ní Agége nígbà náà, yóò kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, yóò sì wọ inú oko obì. Obì níwájú, obì lẹ́yìn. Òjìji rẹ̀ ṣú débi pé ọ̀sán gangan ń dà bí ìrọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ lásán la fi ń rìn ín. Lẹ́yìn oko obì ni odò kékeré kan tí à ń pè ní Olójò, tí kì í dé orúnkún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n tó máa ń gbé ewúrẹ́ lọ bí òjò bá dé. Igi ọ̀pẹ méjì tí wọ́n wó lulẹ̀ ni afárá rẹ̀. Orí igi ọ̀pẹ yẹn ni mo ti ṣubú ní oṣù kìíní tí mo dé ilé ọkọ, tèmi ti agbọ̀n obì tí mo rù. Àwọn obìnrin sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ wá obì kiri bí ẹni ń pa ẹja, wọ́n sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyàwó Ìjẹ̀bú, ṣé odò lo fẹ́ fún lóbì ni?"

Bí o bá ré odò náà kọjá, o ti dé. Agbo ilé mẹ́rin péré ni wá. Ilé wa ni àkọ́kọ́, nítorí baba bàbá ọkọ mi ló tẹ ibẹ̀ dó. Ilé kejì ni ti lemọ́ọ̀mù. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti àwọn Ẹ̀gbá tó wá dá oko obì. Ẹ̀kẹrin ni ti Ìyá Èjídé, opó kan tó ń ṣe ìjọ Aládùúrà, tí agogo rẹ̀ máa ń dún ṣáájú àkùkọ. Bí agogo Ìyá Èjídé bá ti dákẹ́, lemọ́ọ̀mù á pe ìrun. Kò sí ẹni tó lè sùn ju ìgbà yẹn lọ, àfi òkú. Síbẹ̀ bí Iléyá bá dé, Ìyá Èjídé ni yóò kọ́kọ́ gbé àwo wá gba ẹran, bí Kérésì bá sì dé, ìyàwó lemọ́ọ̀mù ló ń bá a lọ ata.

Ní ti aago, fèrè réluwé ni aago wa. Fèrè òwúrọ̀, a lọ pọnmi. Fèrè ọ̀sán, a gbé ìkòkò kaná. Lọ́jọ́ tí réluwé bá pẹ́, gbogbo ilé ni ebi ń pa.

Ẹ má sì rò pé ẹkún ìgbà yẹn ni mo fẹ́ sun fún yín. Sobìà wà níbẹ̀. Mo ti rí ọkùnrin gìrìwò tó na ẹsẹ̀ sílẹ̀ ní ìdí ilé fún odidi oṣù méjì nítorí kòkòrò tó tín-ín-rín bí òwú. Lónìí mo yí ẹ̀rọ omi, omi dé, mo sì ń dúpẹ́. Ẹni tó bá ní kí n padà sídìí odò Olójò, kí ó kọ́kọ́ gbé ìkòkò omi tirẹ̀ sórí kí n wò ó.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ni ti orúkọ.

Ẹ̀yin ìyàwó òde òní, ẹ ń pe ọkọ yín ní "Túndé," ẹ ń pe àbúrò ọkọ ní "Wálé." Mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n láyé tiwa, ìyàwó kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá nínú ilé ọkọ. Ọmọ tí wọ́n bí lánàá, tí ìyàwó wọlé lónìí, ọkọ ni ọmọ náà jẹ́ fún un. Nítorí náà, bí ìyàwó bá dé, yóò fara balẹ̀ wo oníkálukú, yóò sì fún un ní orúkọ tirẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwa ìyàwó, ojú là ń wò.

Bàbá ọkọ mi, mo ń pè wọ́n ní Bàbá Ilé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dúdú, ó ń dán bí ìdí ìkòkò tí wọ́n fi epo pa, mo ń pè wọ́n ní Adúmáadán. Àbúrò ọkọ mi obìnrin tí eyín rẹ̀ funfun, Eyínfúnjowó. Ọkọ tèmi, a ò tíì bímọ nígbà náà tí mi ò bá fi máa pè wọ́n ní Bàbá Lágbájá, nítorí náà Olówó-Orí-Mi ni mo ń pè wọ́n. Àbíkẹ́yìn ilé, ọmọ ọdún mẹ́fà, fi èédú kọ ìlà sára ògiri yàrá mi lọ́jọ́ tí mo wọlé, mo sì sọ ọ́ ní Akọ̀wé.

Akọ̀wé yìí ni Ganíyù. Àná la ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ rẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tí mo sọ lórúkọ, òun nìkan ló ṣẹ́ kù fún mi láti ọjọ́ pípẹ́. Ó darúgbó, ó bímọ, ó rí ọmọ-ọmọ, síbẹ̀ bí mo bá pè é ní Akọ̀wé, á dáhùn bí ọmọ ọdún mẹ́fà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó kú, mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Títí di ìsinsìnyí, bí mo bá jí, ẹnu mi á ti fẹ́ ṣí pè é kí n tó rántí. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Ó dára. Àkókò obì ni, ọdún tí mo dé kò tíì yí po. Àwọn ọkùnrin ilé wa ti kó agbọ̀n obì lọ sí ìdí réluwé kí wọ́n lè kó o ránṣẹ́ sí Òkè Ọya, gbogbo ọmọdé, títí kan Eyínfúnjowó, sì bá wọn lọ, nítorí àwọn Gàmbàrí tó ń ra obì máa ń há ṣúgà fún wọn. Èmi àti Ìyá Rábì, ìyálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, la kù sílé. À ń bó obì, à ń fi ewé gbòdògì tẹ́ inú agbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni a rí ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ aṣọ kakí, tó gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká. Kẹ̀kẹ́ ò lè gba orí igi ọ̀pẹ kọjá, òun ló wá ń ru kẹ̀kẹ́.

Ọ̀nà jíjìn ni ọmọ náà ti wá, ìkọjá odò Ọya. Ó ń sọ Yorùbá bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀wà hù.

"Ẹ káàsán o. Ìjọba ló rán mi. Mo wá kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń gbé níbí. Ta ló mọ̀wé nínú yín?"

Ìyá Rábì fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "Ìyàwó Ìjẹ̀bú, ìwọ tó ka Sítáńdáàdì Tú. Ọjọ́ rẹ dé. Dìde!"

Mo dìde, mo tún ìró ró. Inú mi dùn. Ta ni kò ní dùn mọ́?

"Ta ni olórí ilé?"

Mo yíjú sí ìyálé mi. "Ìyá Rábì, ẹ bá mi pè wọ́n."

"Èmi? Kí n pe bàbá ọkọ mi lórúkọ ní ọ̀sán gangan? Ṣé o fẹ́ kí ètè mi wú ni?"

Bí ọmọdé kan bá wà nílé ni, à bá ní kó bá wa pè é. Bẹ́ẹ̀ la máa ń ṣe. Kò sì sí ọmọdé kankan. Akọ̀wé ìjọba ń fi lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé lu ìwé. Mo ní, "Bàbá Ilé ni."

Ó kọ ọ́. "Ta ló tẹ̀lé wọn?"

"Adúmáadán."

Ó kọ ọ́. Nígbà tí mo dé orí Olówó-Orí-Mi, ó gbójú sókè. "Orúkọ yìí gùn. Ṣé orúkọ ìdílé ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní, ojú ń tì mí. Ìyá Rábì ti fi ewé gbòdògì bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Akọ̀wé. Iṣẹ́ wo ni òun ń ṣe?"

"Kò tíì níṣẹ́ kankan. Eyín iwájú rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ká."

Ó wò mí, ó wo ìwé, ó mi orí, ó sì kọ ọ́. Ìyálé mi ní kí ó kọ òun ní Ìyá Rábì, kí ó kọ Rábì ọmọ òun tẹ̀lé e, èmi ní kí ó kọ mí ní Ìyàwó Ìjẹ̀bú. A fún un ní omi mu àti obì márùn-ún, ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lé èjìká, ó lọ.

Nígbà tí àwọn ọkùnrin dé, mo ròyìn pé ìjọba wá, mo sì ti ka gbogbo ilé fún wọn pátá. Bàbá Ilé gbàdúrà fún mi. Wọ́n ní àwọn ará abúlé mìíràn sá wọ igbó nítorí pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n ìyàwó tàwọn dúró, ó dáhùn bí ọkùnrin. Bí wọ́n ṣe ń yìn mí tó yìí, mi ò lè sọ irú orúkọ tí mo fi sílẹ̀. Mo ní ìwé lásán ni, jàre. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Kò pẹ́ tí àwọn awọnlẹ̀ fi dé. Wọ́n ń fa ṣéènì gba inú oko obì kọjá, wọ́n ń kan èèkàn pupa mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìkéde jáde: ìjọba fẹ́ fi ilẹ̀ wa kọ́ ilé iṣẹ́. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé tí wọ́n kọ lọ́jọ́sí, wọn yóò fún un ní ilẹ̀ mìíràn ní ìhà Ògbà, ibi ilé àti ibi oko. Ẹni tí kò bá sí nínú ìwé, kí ó wábi gbà. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ìkéde yẹn, mo rántí orúkọ tí mo fi sílẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún ọkọ mi, ahọ́n mi ò gbé e. Mo ní bóyá wọn ò ní wo ìwé yẹn.

Ọjọ́ pé. Gbogbo abúlé fẹsẹ̀ rìn dé Ìkẹjà ní òwúrọ̀. A gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn òyìnbó ń gbé, tí igi bo gbogbo títì. Bàbá Ilé wọ agbádá tí wọ́n fi ń kí Iléyá. Gbọ̀ngàn ọ́fíìsì náà kún fún ará abúlé oríṣiríṣi. Mẹ́sẹ́ńjà kan tí ohùn rẹ̀ ń dún bí fèrè réluwé ló ń pe orúkọ. Ó pe ilé lemọ́ọ̀mù, wọ́n dáhùn, nítorí àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ tó ti di géńdé wà nílé lọ́jọ́ tí akọ̀wé ìjọba wá. Ó pe àwọn Ẹ̀gbá, wọ́n dáhùn. Ìyá Èjídé dáhùn, ó ní "Halelúyà!"

"Ìdí-Orógbó, ilé kìíní. Bàbá Ilé!"

Bàbá Ilé kàn mi orí, wọ́n rò pé ìkíni ni, wọ́n ń dúró de orúkọ wọn gan-an.

"Adúmáadán!"

Ọkùnrin pupa fòò kan, ará ibòmíràn tí mi ò rí rí, nawọ́ sókè lẹ́yìn. "Èmi nìyí, sà!"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní, "Adúmáadán wo? Ìwọ tó pọ́n bí epo!"

"Ìyá mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀," ni ọkùnrin náà wí, kò tijú.

"Olówó-Orí-Mi!"

"Yéè," ni obìnrin kan wí nínú èrò, "èmi náà ń wá tèmi!"

Ẹ̀rín ń sọ, ṣùgbọ́n ọkọ mi ti yíjú, wọ́n ń wò mí. Bàbá Ilé rìn lọ sídìí tábìlì. "Ọmọ mi, Sànúsí lorúkọ mi. Baba mi ló tẹ Ìdí-Orógbó dó."

"Kò sí Sànúsí níbí, Bàbá. Ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó wà nínú ìwé la mọ̀."

Bàbá Ilé gbé ọ̀pá wọn, wọ́n bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Ilẹ̀ tí wọ́n sin baba wọn sí ti lọ, ilẹ̀ tí wọn ìbá kó ọmọ lọ sí náà ń lọ, èmi ni mo sì ṣe é. Mo fẹ́ dìde. Ìyá Rábì di ìró mi mú. "Dákẹ́! Bí wọ́n bá mọ̀ pé ìwọ ni, wọn á dá ọ padà sí Ìjẹ̀bú kí ilẹ̀ tó ṣú."

Mo fa ìró mi gbà. Mo dé iwájú tábìlì, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ẹkún.

Ọ̀gá àgbàlagbà kan wà lẹ́yìn tábìlì náà, ọmọ Yorùbá, tó gbé awò ojú sórí imú. Láti àárọ̀ kò tíì sọ̀rọ̀. Ó gba ìwé lọ́wọ́ mẹ́sẹ́ńjà, ó fi ọwọ́ bo ojú ìwé náà kí n má bàa rí i. "Ìyàwó, ka orúkọ tí o fún wọn, bí o ṣe tò ó."

Mo kà á. Bàbá Ilé, Adúmáadán, Olówó-Orí-Mi, Eyínfúnjowó, Akọ̀wé, Ìyá Rábì, Rábì, Ìyàwó Ìjẹ̀bú. Bí mo ṣe ń kà á ló ń ṣí ọwọ́ díẹ̀díẹ̀.

"Ó pé," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí náà ní òun ni Adúmáadán. Èwo ni Adúmáadán tìrẹ?"

Mo wẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ò sí nínú gbọ̀ngàn! Wọ́n ti jáde láti ìgbà tí ooru mú, wọ́n ń ná ọsàn lábẹ́ igi, wọn ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rárá. Mo ní wọ́n wà níta.

"Ó wà níta? Ó dára bẹ́ẹ̀." Ọ̀gá náà yíjú sí mẹ́sẹ́ńjà. "Lọ sẹ́nu ọ̀nà. Pe orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kan péré. Má nawọ́ sí ẹnikẹ́ni."

Mẹ́sẹ́ńjà dé ẹnu ọ̀nà. "Adúmáadán o!"

Láti abẹ́ igi ni a ti gbọ́ ohùn: "Hẹ̀ẹ́! Ta ló ń pè mí bí ìyàwó wa?"

Wọ́n wọlé, ọsàn tí wọ́n bó dé ìlàjì lọ́wọ́, wọ́n dúdú, wọ́n ń dán, òógùn ń ṣàn lójú wọn. Gbọ̀ngàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Nígbà tí a máa wẹ̀yìn, ọkùnrin pupa ti gba ojú fèrèsé lọ.

Ọ̀gá náà nu ojú, nítorí òun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́. Ó wá fi gègé kan inú yíǹkì. "Ó kù ẹyọ kan. Mi ò lè fi ilẹ̀ fún Olówó-Orí-Mi. Ìwé gbọ́dọ̀ ní orúkọ tí bàbá àti ìyá fún wọn. Ìyàwó, pè wọ́n kí n kọ ọ́."

Ọkọ mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí oníkálukú pe tirẹ̀."

"Rárá. Ẹnu tó so ó ni yóò tú u. Òun ló jẹ́rìí ilé yìí."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin tí ẹ ń pe orúkọ ọkọ yín lórí fóònù látàárọ̀ dalẹ́, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Ó dà bí kí ènìyàn bọ́ra sí ìhòòhò lọ́jà. Mo dojú bolẹ̀. Ọ̀pá Bàbá Ilé ló kan èjìká mi pẹ̀lẹ́.

"Ìyàwó, mo yọ̀ǹda rẹ. Pe orúkọ mi."

Ìyá Rábì fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Mo ní, "Sànúsí." Orí mi ò bẹ́. Mo ní, "Làsísì." Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, "Ah! Ó mà mọ̀ ọ́n!" Mo pe Sàbítíyù, mo pe Ganíyù. Ó wá ku ọkọ mi. Mo wo ojú wọn, ohun tí mi ò tíì ṣe rí níwájú bàbá wọn.

"Sàlámì."

Ọkọ mi nàró ṣánṣán bí ọmọ ilé ìwé. Wọ́n ní, "Mo wà níbí." Ọ̀gá náà kọ ọ́, ó tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ìwé náà, ó sì nà án sí Bàbá Ilé. Afẹ́fẹ́ tó jáde láyà mi lọ́jọ́ náà, mo rò pé ó gbé ìwé orí tábìlì.

Nígbà tí à ń padà, kò sí ẹni tó ní kí n padà sí Ìjẹ̀bú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi há ọsàn fún gbogbo wa. Bàbá Ilé dúró dè mí ní ẹnu ọ̀nà oko obì, wọ́n jẹ́ kí àwọn yòókù ṣíwájú.

"Ìyàwó," wọ́n ní, "o pe orúkọ mi dáadáa. Ó dùn lẹ́nu rẹ. Ṣùgbọ́n kí n má tún gbọ́ ọ mọ́."

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ nínú ewé gbígbẹ. Mo ní, "Ẹ ò ní gbọ́ ọ mọ́, Bàbá Ilé."

Wọn ò sì gbọ́ ọ mọ́, títí a fi sin wọ́n sínú ilẹ̀ tí orúkọ náà gbà fún wa.